Àkísà Tí Mo So Mọ́gi

Bíríkìlà ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, olóríkunkun sì ni. Bíríkì tó ń tò gan-an rọ̀ jù ú lọ. Òun ni olórí ẹbí wa báyìí, ọwọ́ rẹ̀ sì ni igbó tí bàbá wa fi sílẹ̀ wà. Oníṣòwò kan fẹ́ rà á, kó gé gbogbo igi ibẹ̀, kó kọ́lé kún un. Ẹ̀gbọ́n mi ti fẹ́ gbà. Èmi ò gbà rárá, torí láti ìgbà tí ìyá wa ti kú, inú igbó yẹn nìkan lọkàn mi ti ń balẹ̀.

Mo bẹ̀ ẹ́ títí ẹnu fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó mi. Nígbà tó yá, ó ní, "Ó dáa, Alábẹ́rẹ́. Màá bá ẹ wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tí mi ò bá rí nǹkan tó ju ewé lọ, lọ́la ni mò ń tà á."

Aránṣọ ni mí, ìyẹn ló fi ń pè mí ní Alábẹ́rẹ́. Àwa ará àdúgbò la lànà ẹsẹ̀ gba inú igbó náà, kí tọmọdé tàgbà lè máa rìn ín. Láàárọ̀ Sátidé, ẹnì kan á gbé àdá, ẹlòmíì á gbé ọkọ́, kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wa. Iṣẹ́ tèmi ni àmì. Níbi tí ọ̀nà bá ti yà, màá so àjákù aṣọ mọ́gi kí èèyàn má bàa sọnù. Nígbà tí àjákù tán ní ṣọ́ọ̀bù, mo ṣí àpótí ìyá wa, mo fa ọ̀já aláró tó fi pọn àwa méjèèjì yọ. Kòkòrò ti jẹ ẹ́, mo bá gé e. Mi ò sọ fún Ẹ̀gbọ́n. Ta ló ń wá wàhálà?

A dé ìyànà àkọ́kọ́, kò sí àkísà. A dé ìkejì, òfo. Òjò ti jẹ́ kí koríko bo ojú ọ̀nà, kí n tó mọ̀, a ti sọnù. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí ó fi dikùn mú. "Ẹni tó fẹ́ fọ̀nà hàn mí rèé! Lọ́la ni o."

Olè wo ló ń jí àkísà? Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ariwo lókè, bí ìgbà tí ilé ìwé bá jáde. A tẹ̀ lé ariwo náà dé ìdí igi ńlá kan létí omi.

Háà! Ìròyìn ò tó àfojúbà. Ìtẹ́ ẹyẹ ẹ̀gà ló rọ̀ sórí igi náà, kò lóǹkà, àkísà mi sì wà lára gbogbo wọn: pupa, funfun, òféèfé. Àwọn ẹyẹ dorí kodò, wọ́n ń fi ẹnu ta kókó. Àṣé èmi ni mo ń gé aṣọ fún wọn! Orí mi wú. Láti kékeré ni mo ti ń ránṣọ, mi ò rí irú rẹ̀ rí.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣí fìlà. "Kò sí ìpìlẹ̀," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "kò sí sìmẹ́ńtì. Ta ló kọ́ wọn?" Omi ti lé sí mi lójú.

Ló bá tẹjú mọ́ ìtẹ́ kan lórí ẹ̀ka tó wálẹ̀. Aláró ni.

"Ṣé ọ̀já Màámi kọ́ nìyẹn?"

"Òun ni, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Mo ń retí kó jágbe mọ́ mi. Àwọn ọmọ ẹyẹ ń ké nínú ìtẹ́ náà. Ìyá wọn gbé kòkòrò sẹ́nu dé, ó wọlé, wọ́n dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ nu ojú.

"Màámi ṣì ń pọnmọ," ló sọ.

Ó yọ fóònù rẹ̀ níbẹ̀, ó pe oníṣòwò náà.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú," ó ní. "Ilẹ̀ yẹn ò ṣeé tà mọ́. Wọ́n ti kọ́lé síbẹ̀."