Orúkọ Pẹ̀lú Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀

Orúkọ tirẹ̀ gan-an ló tàsé. AB ni kọ̀ǹpútà kọ síwájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ A ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Obìnrin náà gbé fóònù sílẹ̀, ó kọjú sí akọ̀wé.

"Ta ló fọwọ́ kan àkójọ àwọn tó ń fẹ̀jẹ̀ tọrẹ yìí?"

"Èmi ni, àǹtí," ni akọ̀wé yàrá ẹ̀jẹ̀ ilé ìwòsàn náà dáhùn tẹ̀ríntẹ̀rín. "Mo to orúkọ wọn bí álífábẹ́ẹ̀tì ṣe tẹ̀ léra. Ó ti rí jákujàku jù."

"O to orúkọ. Ẹ̀jẹ̀ wọn ńkọ́?"

Ẹ̀rín náà gbẹ.

Aago mẹ́wàá ti lù. Ní aago méjìlá, wọn yóò ṣiṣẹ́ abẹ fún aláboyún kan, dókítà sì ti gba orúkọ ẹni mẹ́ta tí ẹ̀jẹ̀ wọn bá tirẹ̀ mu. Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò kí wọ́n tó lò ó, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí kò yẹ bá ti ọ̀nà jíjìn wá, wákàtí tó bá a lọ kò ní padà.

Èébú ti dé ètè obìnrin náà. Ó gbé e mì. Ta ló kọ ètò kọ̀ǹpútà náà? Òun fúnra rẹ̀ ló kó orúkọ sí àkójọ kan, tó kó ẹ̀jẹ̀ sí òmíràn, tó wá ń retí kí wọ́n máa rìn pọ̀ láìsí okùn. Ìwé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i nílé ya orí kan sọ́tọ̀ fún túpù, ìyẹn dídi nǹkan pọ̀ sójú kan. Ó fò ó, ó ní kò sí àkókò. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

"Gbé ìwé tí a fọwọ́ kọ wá. Máa kà á sí mi létí."

Ó ń tẹ̀ ẹ́ bí ó ṣe ń gbọ́ ọ: orúkọ, ẹ̀jẹ̀, nọ́ńbà fóònù, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú àkámọ́ kan. Túpù nìyẹn. Bí a bá ti dì í, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ṣe é pààrọ̀ mọ́.

"Bí mo bá wá ṣi ọ̀kan kà ńkọ́?"

"A ó kọ òmíràn, odidi, a ó fi rọ́pò rẹ̀."

"Háà! Àǹtí, ẹ ti kọ́ kọ̀ǹpútà ní agídí yín."

"Máa kà á."

Kí aago mọ́kànlá tó lù, ẹni ogójì ti pé. Ó tò wọ́n bí álífábẹ́ẹ̀tì. Oníkálukú mú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dání. Ó gbìyànjú láti yí ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan padà. Kọ̀ǹpútà kọ̀. Ó tún gbìyànjú. Ó kọ̀ jálẹ̀, òun tó kọ ọ́ náà kò rí ojú rere rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó pe dókítà.

"Dókítà, ẹ má pe àwọn mẹ́ta tàárọ̀ yẹn. Èmi ni mo ṣe àkójọ náà bí kò ṣe yẹ. Ẹ gba orúkọ tó tọ́."

Akọ̀wé gbójú sókè kúrò nínú ìwé. Orúkọ tirẹ̀ ló ti ń retí pé wọn yóò dá fún dókítà, pé òun ló jẹ̀bi. Bó ṣe ń wò ó yẹn ló jẹ́ kó yé obìnrin náà pé, láti ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́, akọ̀wé kò tíì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu òun rí.