Ẹ̀rọ Tí Eunice Fi Sínú Ọkọ̀ Adéwọlé

Ẹ̀rọ méjì ni Ùsmán gbé sórí tábìlì fún Eunice ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nínú ìlú Àgbádárìgì. Àkọ́kọ́ fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, ó ní ojú bíi ti fóònù. Wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀, yóò sì máa sọ ibi tí awakọ̀ yóò yà sí. Èkejì kò ju páálí ìṣáná lọ, kò ní ojú, kò ní ohùn.

Ùsmán ní, "Eléyìí tó ń sọ̀rọ̀ ni àwọn tó ń lọ sí Kútọnu máa ń rà. Ṣé ọ̀nà ló ń ṣòro fún yín ni, àbí ẹ̀rù olè ló ń bà yín?"

"Mo mọ ọ̀nà," Eunice dáhùn. "Ẹni tó ń gbé ọkọ̀ mi lọ ni mo fẹ́ mọ ibi tó wà."

Ùsmán ti èyí kékeré sí iwájú rẹ̀. Ó ní abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ni òun yóò fi í pamọ́ sí, pé orí fóònù ni Eunice yóò ti máa rí ọkọ̀, ì báà wà ní Apá, ì báà wà ní Ìwọ́rọ̀. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ lè jókòó sílé yín kí ẹ fi pa ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré o, kó má lọ pa èèyàn."

"Èyí ni mo fẹ́," Eunice wí. Kò tilẹ̀ wo èyí tó ń sọ̀rọ̀ mọ́.

Tíṣà ni Eunice ní Ajárá. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí ọkọ rẹ̀, Adéwọlé, kú. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ṣì wà láyé, Akínlóyè, àbúrò Adéwọlé, ní kọ́kọ́rọ́ kejì ọkọ̀ náà lọ́wọ́, ó sì máa ń gbé e bó ṣe wù ú láì tọrọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ikọ́ fée ki Adéwọlé mọ́lẹ̀. Eunice sáré jáde, kò bá ọkọ̀ nílẹ̀. Ó pe Akínlóyè títí. Nígbà tó wá gbé e, ohun tó sọ ni pé, "Ìyàwó, mo ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí n parí nǹkan tí mò ń ṣe," ló bá pa fóònù. Ọ̀kadà ni wọ́n gbé Adéwọlé lé. Eunice jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó gbá a mú. Wọn kò tíì dé ọsibítù tó fi mọ̀ pé àyà tí òun gbá mú kò mí mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Akínlóyè kò jáwọ́. Ó ní ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ni. Bí Eunice bá wà níléèwé, yóò wá gbé e lọ, yóò dá a padà pẹ̀lú yanrìn nílẹ̀ rẹ̀. Orúkọ Eunice ni Adéwọlé fi sínú ìwé ọkọ̀, ó lè pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, ó lè fẹjọ́ sùn. Kò ṣe ọ̀kankan. Ìyẹn kéré lójú rẹ̀. Ó fẹ́ kí ojú ti Akínlóyè níbi tí kò ti ní ríbi sá sí.

Lẹ́yìn tí Ùsmán fi ẹ̀rọ náà sínú ọkọ̀, Sátidé mẹ́ta tẹ̀ léra ni fóònù ń fi hàn án pé ilé kan náà ní Ìwọ́rọ̀ ni ọkọ̀ ń lọ. Tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ sọ fún un pé ilé Barnabas, kátékísìtì ìjọ kan níbẹ̀, ni, pé Akínlóyè ń fẹ́ Adùnọlá ọmọ rẹ̀, ó sì ti sọ fún wọn pé òun ló ni ọkọ̀. Sátidé tó ń bọ̀ ni ìyá Akínlóyè máa bá a lọ tọrọ ọmọ.

Nígbà tí Sátidé pé, Eunice gun ọ̀kadà tẹ̀ lé wọn. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé náà títí ìdílé méjèèjì fi jáde. Akínlóyè ń ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún kátékísìtì, ó ní kó jẹ́ kí òun fi ọkọ̀ gbé e yí ìlú ká. Ó ṣáná sí ọkọ̀. Eunice tẹ fóònù. Ẹ́ńjìnnì kú. Akínlóyè tún ṣáná, òógùn bò ó.

"Kò ní ṣiṣẹ́," Eunice wí.

Akínlóyè yíjú. "Ìyàwó? Kí lẹ wá ṣe níbí?"

Eunice kúnlẹ̀ kí kátékísìtì àti ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì dìde. "Ọkọ mi kékeré ni mo ń pè yín láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yín, n kò dárúkọ yín rí. Akínlóyè, níbo lo wà lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ kú?"

"Eunice!" ìyá ọkọ rẹ̀ pariwo. "Kì í ṣe ibí!"

"Ibí ni, Màmá."

Ó na ìwé ọkọ̀ sí kátékísìtì, ó sọ gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún un, àti ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Bàbá náà kà á, ó wo Akínlóyè. "Dá a lóhùn. Níbo lo wà?"

Akínlóyè kò wo Eunice. Adùnọlá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ló ń wò. "Etíkun ni mo wà," ó wí. "Mo gbé Adùnọlá lọ ya fọ́tò."

Adùnọlá káwọ́ lérí. "Ìpè tí o gbé níbẹ̀ yẹn? O ní oníbàárà ló ń yọ ẹ́ lẹ́nu! Mo ń rẹ́rìn-ín, Akin. Mo ń rẹ́rìn-ín nígbà yẹn!" Ó bú sẹ́kún, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Kátékísìtì dá ìwé padà fún Eunice, ó kọjú sí ìyá Akínlóyè, ó ní, "Ẹ máa lọ sílé, Ìyá. A ò lọ́mọ fún un."

Akínlóyè fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Eunice ní kí ìyá ọkọ òun wọlé kí àwọn jọ lọ, ìyá kọ̀ ọ́. Eunice tún tẹ fóònù kí ẹ́ńjìnnì lè ṣiṣẹ́ padà, ó sì dá nìkan wa ọkọ̀ padà sí Ajárá. Inú rẹ̀ dùn, ó dùn débi pé ẹ̀rù ara rẹ̀ bà á.

Ní ọjọ́ kẹta, ìyá náà wá sílé rẹ̀.

"Ọmọ kan ló kù fún mi," ó wí. "O mú un rìn ní ìhòòhò lójú àjèjì."

"Ọkọ kan ni mo ní, Màmá."

Eunice gbé àga fún un, ó bu omi tì í. Kò mu omi náà, kò sì dìde. Àwọn méjèèjì jókòó síbẹ̀ títí òòrùn fi kúrò lójú fèrèsé.