Pákó Tútù

Dókítà ní oṣù mẹ́ta péré ló kù fún mi láyé. Mi ò bá a jà, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Àwọn ọmọ mi ló bí mi nínú.

Ogójì ọdún ni mo ti ń ṣe káfíńtà. Ẹ wá wo ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ pósí mi fún: káfíńtà òdìkejì títì, ẹni tí ilẹ̀kùn tó bá kàn kì í padé! Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni wọ́n tún ti ń jà lórí ọ̀dà tí wọ́n máa fi kùn ún.

Mo rọ́jú dìde, mo mú ọ̀pá, mo sọdá títì tòun ti aṣọ oorun. Mo fọwọ́ kan pósí náà, oje igi lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo pariwo, "Pákó tútù! Ó máa wọ́ kẹ́ ẹ tó gbé mi dé sàréè!"

Ọmọ mi obìnrin tó sáré tẹ̀lé mi ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ìgbà wo ló máa gbẹ?"

"Ọdún kan gbáko."

Ó bú sẹ́kún. "Ṣùgbọ́n dókítà ní oṣù mẹ́ta."

"Ṣé dókítà mọ pákó ni? Ẹ sọ fún un kó ní sùúrù. Mi ò wọnú pákó tútù!"