Oko Mi Ko Lagbara Mo

Bí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì ṣe tẹ ọ̀rọ̀ náà sórí fóònù nìyẹn, láìfi àmì kankan sí i: "Oko mi ko lagbara mo. E jowo e tete maa bo." Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í dúró wẹ ẹsẹ̀. Ọkọ rẹ̀ tó wà lórí ibùsùn, tó ń fa èémí tìpátìkúùkù, ni obìnrin náà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ọwọ́ mẹkáníìkì ní ṣọ́ọ̀bù, ọkọ̀ ló kà á sí.

Ta ni yóò bá a wí? Ọjọ́ ti pẹ́ tí gbogbo ọ̀rọ̀ àárín òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dá lórí ọkọ̀ yẹn. Bọ́ọ̀sì àtijọ́ ni. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ awakọ̀, ó yọ àwọn àga èrò kúrò, ó kan ibùsùn àti kọ́bọ́ọ̀dù sínú rẹ̀, ó gbé sítóòfù kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó ní láti ìgbà èwe lòun ti ń gbé èèyàn eléèyàn káàkiri, ó wá kan ìyàwó òun. Ilé-ń-rìn ni wọ́n sọ ọ́. Àmọ́ Ilé-ń-rìn kò rìn jìnnà. Lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, kò sí wàhálà. Bó bá ti kan òkè, agbára á tán. Ẹ̀gbọ́n a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìgbín ń fun fèrè lẹ́yìn àwọn pé káwọn yà fún òun. Mẹkáníìkì ní kó pààrọ̀ asẹ́ epo, ó pààrọ̀ rẹ̀. Ó ní kó pààrọ̀ asẹ́ afẹ́fẹ́, ó pààrọ̀ ìyẹn náà. Ìgbín ò yéé fun fèrè.

Ẹ̀gbọ́n ń wúkọ́ nígbà yẹn o. Bí àbúrò bá béèrè ara rẹ̀, á ní ara òun le, ara ọkọ̀ ni kó máa béèrè.

Nítorí náà, mẹkáníìkì fara balẹ̀ parí bíréèkì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ pè wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn òkè nilé wọn wà. Ìpè kì í wọ ibẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan ló ń ráyè yọ́ kọjá. Ó fèsì pé òun ń bọ̀, ó di irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, ó gbọ̀nà.

Ó bá Ilé-ń-rìn níwájú ilé, kọ́kọ́rọ́ wà lára rẹ̀. Ilẹ̀kùn ilé wà ní pípadé. Ó rò ó pé bí òun bá wọlé kí wọn, ẹ̀gbọ́n á jáde, á dúró lé òun lórí, á máa kọ́ òun níṣẹ́ òun. Ó ní kí òun kọ́kọ́ rí àìsàn ọkọ̀ yìí, kó jẹ́ ìròyìn ayọ̀ lòun máa gbé wọlé. Ọlọ́run má jẹ́ ká máa wá lóde ohun tó ń bọ́ lọ nínú ilé.

Ó ṣíná sí i. Ẹ́ńjìnnì dáhùn, kò gbọ̀n, kò wúkọ́. Ó tẹná díẹ̀, ó gbà. Ó tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀, ohùn rẹ̀ wá ń há, bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó yẹ ọ̀pá epo wò láti ìdí dé orí: epo ń wá geere. Ó tú asẹ́ afẹ́fẹ́: ó mọ́ tónítóní. Ó jókòó lé gìgísẹ̀, ó ń rò ó. Nígbà tó yá, ó lọ sẹ́yìn, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ sẹ́nu sàlẹ́ńsà níbi tí èéfín ń gbà jáde. Ẹ́ńjìnnì ń ké, ṣùgbọ́n èéfín tó kan ọwọ́ rẹ̀ kò tó èyí tó lè pa fìtílà.

Ó wá rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń wọlé ni wọ́n ti ń wò látọjọ́ yìí. Wọn ò wo ohun tó ń jáde. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó tú páìpù níwájú sàlẹ́ńsà, ó tún ṣíná. Ilé-ń-rìn bú ramúramù, gbogbo agbára rẹ̀ dé lẹ́ẹ̀kan náà. Irin inú sàlẹ́ńsà ló ti jẹra, tó wó dí ọ̀nà.

Ó fi ọwọ́ dúdú ti ilẹ̀kùn wọlé, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wọ bàtà. Ó ti di aṣọ sínú báàgì. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ. Ọwọ́ẹ̀rọ̀ ló ń pe mẹkáníìkì, torí ọwọ́ rẹ̀ mọ ẹ̀rọ, ó sì ń sọ nǹkan dẹ̀rọ̀.

"Ọwọ́ẹ̀rọ̀, ṣé ó ti ṣeé gbé lọ báyìí? Mo ń gbọ́ yín níta. Mo ń sọ fún un pé kó rọ́jú, pé ẹ ti ń tún ọkọ̀ ṣe tí a máa fi gbé e."

Mẹkáníìkì wo orí ibùsùn. Ẹkùn orí títì, a-fọgbọ́n-gòkè, a-gbérò-délé-láyọ̀, òun ló dùbúlẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n bọ́ sílẹ̀ yẹn. Àyà rẹ̀ ń lọ sókè, kò fẹ́ sọ̀. Ọ̀rọ̀ orí fóònù wá yí padà nínú mẹkáníìkì, ó sì yé e.

Ó gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sẹ́yìn bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọdé, ó tẹ́ ẹ sórí ibùsùn Ilé-ń-rìn, ìyàwó gbé orí rẹ̀ lé itan. Ọkọ̀ gba òkè yẹn bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n páìpù tó ṣí sílẹ̀ ń bú, kò jẹ́ kó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ré òkè kọjá, ó kígbe béèrè bí ara ẹ̀gbọ́n ti rí. Bí ìyàwó bá dáhùn, kò gbọ́.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà fi ọwọ́ kan ọrùn ẹ̀gbọ́n, ó ṣí ojú rẹ̀ wò, ó pa á dé. Ó ní ká ní wọ́n tètè dé ni.

Ìyàwó kò ké. Ó ń bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé àbúrò olóògbé rèé, pé kó tó yà wọlé rárá ló ti lọ bá ọkọ̀, pé irú ọmọ ìyá bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ìyìn náà ń jó mẹkáníìkì lára bí ata ojú. Ó fa fóònù yọ, ó nà án sí i.

"Ìyàwó wa, ọkọ̀ ni mo kà á sí."

Obìnrin náà wo ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ tẹ̀. Ó kà á jáde lọ́nà kan. Ó kà á lọ́nà kejì. Ó dá fóònù padà fún un.

"Ẹ̀gbọ́n yín ní kí n sọ fún yín pé ẹ kú iṣẹ́. Nígbà tí à ń gòkè. Ó gbọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń lọ."

Ìgbà tó tún sọ̀rọ̀, kò wo ojú rẹ̀.

"Ẹ bá mi dí páìpù yẹn ká tó gbé e lọ sílé. Mi ò fẹ́ kí ariwo sìn ín."

Mẹkáníìkì jáde. Ó mọ̀ pé bí òun bá kàn so ó padà mọ́ sàlẹ́ńsà bó ṣe wà, ọkọ̀ ò ní lè gòkè padà; àfi kí òun tú sàlẹ́ńsà, kí òun kó irin tó ti wó sínú rẹ̀ dànù. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó na ọwọ́ sí i. Ó ṣì gbóná. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀ síbẹ̀, ó ń dúró kó tutù.