Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Olùwòran

Iṣẹ́ mi ni kí n ya fíìmù sórí bébà kí ẹnikẹ́ni tó gbé kámẹ́rà. Fíìmù tiwa kì í ṣe èyí tí èèyàn ń jókòó níwájú rẹ̀. Inú rẹ̀ lèèyàn ń wọ̀. Wàá de awò dúdú kan mọ́jú, wàá yíjú sọ́tùn-ún, wàá rí ògiri. Wàá wẹ̀yìn, wàá rí ilẹ̀kùn. Nítorí náà, róbótó ni mo máa ń ya àwòrán mi. Àmì kékeré kan á wà láàárín, ibẹ̀ ni orí olùwòran. Mo gbọ́dọ̀ ya gbogbo ohun tó yí i ká, tiwájú tẹ̀yìn.

Ojúlówó là ń pe ọ̀gá wa bí kò bá sí nítòsí. Bí a bá wọ́n omi sójú òṣèré pé òógùn ni, á pariwo pé, "Ojúlówó ni mo fẹ́!"

Lọ́jọ́ yẹn, ẹyin bíbọ̀ ló ń jẹ nígbà tó pè mí.

"Ayàwòrán, wá gbọ́ nǹkan. Iṣẹ́ àwọn onínṣọ́ránsì nìyí. Olùwòran ló máa wà lórí bẹ́ẹ̀dì, òun gan-an ló ń kú lọ. Tó bá bọ́ awò tán, bírò tó máa fi tọwọ́ bọ̀wé ni yóò máa wá kiri."

"Ẹ̀rù lẹ wá fẹ́ tà?"

"Ẹ̀rù kẹ̀? Ṣé o mọ ọjà tó yá jù ú lọ ni?"

Kànrìnkàn etí awò náà ti mu òógùn ojú oríṣiríṣi èèyàn. Ó ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká kó tó gbẹ. Mo dè é mọ́jú. Òkùnkùn ni, ohùn nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹnì kan ń mí. Á fà á sínú, á dúró, á tú u jáde pẹ̀lú súfèé tín-ín-rín kan, bí ìgbà tí omi kẹ́tùlù fẹ́ hó.

Mo mọ súfèé yẹn. Láti kékeré ni àbúrò mi obìnrin ti ń fi àlàfo eyín rẹ̀ fọn ọ́ bó bá sùn. Orí ẹní kan náà la jọ ń sùn, súfèé náà ló sì máa ń gbé mi sùn lọ. A sin ín nígbà àkọ́rọ̀ òjò.

Mo bọ́ awò náà. "Ta ló ń mí?"

"Òṣèré kan ni." Ó ń bó ẹyin mìíràn. "Àbí kò jọ ojúlówó?"

Mo rántí ọjọ́ tí ọ̀gá wá kí wa ní ọsibítù. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó na fóònù rẹ̀ síwájú, èmi sì rò pé ó ń ka ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ni. Ó jẹ ọsàn tí mo bó fún aláìsàn. Mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó wá. Nílé ẹ̀kọ́ ìjọ tí mo lọ, wọ́n kọ́ wa pé bí ẹnì kan bá ń jẹ̀rora, ẹni tó bá bu omi wá nìkan ló lè tẹjú mọ́ ọn.

"Ya iyàrá náà kí oníbàárà tó dé," ó wí. "Má ṣẹ́ nǹkan kan kù o."

"Mo gbọ́ yín, ọ̀gá."

Mo ya fèrèsé iyàrá tí àbúrò mi kú sí. Mo ya bàtà rọ́bà rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọ̀kan dojú délẹ̀. Mo ya ara mi pẹ̀lú aṣọ tútù lọ́wọ́. Láàárín, níbi tó yẹ kó dùbúlẹ̀ sí, àmì kékeré nìkan ni mo fi síbẹ̀. Ó rí mi lára. Mo ní láti gbé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kí àlejò lè rọ́nà sùn síbẹ̀. Mo wá ya ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn orí bẹ́ẹ̀dì ni ilẹ̀kùn wà. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ kì í rí ẹni tó wọlé.

Oníbàárà dé, obìnrin kan tó ń ta sánsán lọ́fíńdà. Ó yí bébà náà po. "Ta ni ọkùnrin tó wà lẹ́yìn yìí? Kí ló ń fi fóònù ṣe?"

"Ọ̀gá wa ni, mà. Èémí àbúrò mi ló ń gbà sílẹ̀. Ọjọ́ tó kú ni."

Ojúlówó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má dá a lóhùn, ọ̀fọ̀ ló ń dà á láàmú. Ayàwòrán, pa mí rẹ́ níbẹ̀ jàre."

"Ẹ kọ́kọ́ pa èémí àbúrò mi rẹ́."

Àǹtí Agbohùn, ẹni tó ń bójú tó ohùn, dìde lórí àga rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ ní òṣèré ni! Èmi tí mo ti ń fọ ohùn òkú láti àárọ̀, tí mò ń jẹ búrẹ́dì sí i!"

Oníbàárà gbé bébà náà kalẹ̀. Mo rò pé yóò kẹ́dùn. "Ṣé ẹnikẹ́ni lè gbọ́ ọ kó dá a mọ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dá a mọ̀, mà," ni Àǹtí Agbohùn wí. "Màá sì sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí."

Obìnrin náà kó báàgì rẹ̀. "A ò fẹ́ ariwo. Ẹ wá ohùn mìíràn."

Ìgbà yẹn ni Ojúlówó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú fóònù rẹ̀ jáde. Ó fi àtàǹpàkò tí ẹyin lẹ̀ mọ́ tẹ̀ ẹ́, ó fi hàn wá pé ohùn náà ti pa rẹ́, ó ń kùn pé àwọn kan kò mọ iṣẹ́ ọnà. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí.

Ẹ̀dà kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù wà nínú kọ̀ǹpútà Àǹtí Agbohùn. Ó fẹnu sún mọ́ etí mi. "Ayàwòrán, ṣé kí n fi í pamọ́ fún ọ?"

Ọkàn mi fà sí i bí ọmọ ṣe ń fà sí ìyá. Kò sí ohùn rẹ̀ mìíràn lọ́wọ́ mi. Àmọ́ mo rí ilẹ̀kùn yẹn, mo rí ọwọ́ tó na fóònù, mo rí omi ọsàn lágbọ̀n ọkùnrin náà. Ẹ̀yìn àbúrò mi ni wọ́n ti jí i.

"Ẹ pa á rẹ́," mo wí.

Mo lọ fọ ojú. Mo fi ọṣẹ sí i, mo tún fi sí i, òórùn kànrìnkàn náà kò kúrò.