Ẹ Má Pa Mí, Sà

"Kà á sókè," ni Àyọ̀kẹ́ wí, bí ó ti ń fi ìyarun pín irun Ràhímátù sí méjì nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Nichelino, ní ilẹ̀ Italy. "Àbí ojú ń tì ọ́?"

Tíolúwaní, ọmọ rẹ̀, gbé fóònù sún mọ́ ojú. Ohun tí ìwé ìròyìn kan ní Turin kọ nípa fíìmù tí òun ti ṣe òṣèré ni ó fẹ́ kà. Fíìmù apààyàn ni, olówó pọ́ọ́kú, tí wọ́n yà nínú ilé-iṣẹ́ awọ àtijọ́ kan lẹ́bàá Vicenza. Àná ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn ní gbangba.

"'Ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí omi tòmátì. Ìtàn rẹ̀ kò lórí, kò nídìí. Ṣùgbọ́n èyí tí ó burú jù ni ibi tí ọmọbìnrin adúláwọ̀ náà ti ń bẹ apààyàn ní èdè rẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Òṣèré tí ikú rẹ̀ ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín, kí ó yára wá iṣẹ́ mìíràn.'"

Ràhímátù pàtẹ́wọ́. "Irọ́ ha ni? Ẹni tí ó yọ ọ̀bẹ sí ọ, o kúnlẹ̀ fún un! 'Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ má bínú, ẹ má pa mí, sà.' Ó kù kí o bi í bóyá ó sùn dáadáa!"

"Basta! Ó tó!"

"Ta ni o ń jágbe mọ́?" ni ìyá rẹ̀ wí. "Gbogbo Yorùbá àdúgbò yìí ni mo pè wá wò ọ́. Ìtìjú tí o kó bá mi kò ha tó?"

"Baba arúgbó ni òṣèré tí ó ṣe apààyàn náà, mamma. Ẹ̀yin ni ẹ ní n kò gbọdọ̀ pe àgbà ní 'ìwọ'."

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Láti kékeré ni Àyọ̀kẹ́ ti ń gbá ọmọ náà létí nígbàkígbà tí ó bá fi 'o' rọ́pò 'ẹ'. Èdè Italy ni ọmọ náà ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ. Àwọn àgbà nìkan ni ó ń bá sọ Yorùbá. Kò pe ẹnikẹ́ni ní 'ìwọ' rí.

Lorenzo, olùdarí fíìmù náà, wọlé láìkí ẹnikẹ́ni.

"Ní Sátidé, a ó fi hàn ní Padua," ni ó wí fún Tíolúwaní ní èdè Italy. "Ẹni tí ó fẹ́ ra fíìmù náà yóò wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá tún rẹ́rìn-ín, ó parí. Ọmọbìnrin Yorùbá kan wà ní Parma tí yóò fi ohùn tirẹ̀ bo ohùn rẹ."

"Ojú mi, ohùn ẹlòmíràn?"

"Àyàfi tí o bá lè sọ ọ́ dáadáa nísinsìnyí." Ó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ka orí tábìlì, ó sì tàn án.

Àyọ̀kẹ́ na ṣóńṣó ìyarun sí ọrùn ọmọ rẹ̀. "Èmi ni apààyàn náà. Sọ pé, 'O kò lè pa mí.'"

"Ẹ kò lè pa mí."

Ràhímátù tún bú sẹ́rìn-ín.

"O! Mo ní 'o'! Àbí etí rẹ di ni?" Àyọ̀kẹ́ tì í léjìká títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan dígí. "Báyìí ni o ó ṣe máa wò, tí ọmọ Parma yóò gba ẹnu rẹ? Ọ̀dẹ̀!"

Tíolúwaní gbé ojú sókè wo ìyá rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ga.

"Ìwọ ni o kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ọ nínú òkùnkùn gbọ̀ngàn lánàá. Ẹ̀rín rẹ ni mo dá mọ̀ kí ti àwọn yòókù tó tẹ̀ lé e. O rí i pé mo ń kú, o sì ń rẹ́rìn-ín."

Ọwọ́ Àyọ̀kẹ́ gbéra láti gbá a létí. Ó dúró lójú ọ̀nà.

"Ecco! Èyí gan-an!" ni Lorenzo kígbe. "Kí ni ó sọ?"

Àyọ̀kẹ́ sọ ọwọ́ náà kalẹ̀. "Ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí rẹ̀ ni."

"Ṣé àwọn ènìyàn yín kò ní rẹ́rìn-ín?"

"Wọn kò ní rẹ́rìn-ín. Má yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò nínú rẹ̀."

"Àyọ̀kẹ́," ni Ràhímátù wí jẹ́jẹ́ ní Yorùbá, "gbogbo ènìyàn ni yóò gbọ́ ọ o."

"Kí wọ́n gbọ́ ọ." Ó padà sí ìdí irun náà. "Gbé orí rẹ dúró."