Omi Ń Bọ̀, Ire Á Kárí

Gbohùngbohùn náà ní òun kò lọ mọ́. Ó jókòó sórí àga nínú ọ́fíìsì, ó la ẹnu rẹ̀ tó rí bí àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo sílẹ̀, ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń gbé òun ká Ebúté-Àgbọn pé kí òun máa kígbe "Omi ń bọ̀, ẹ kó kúrò," kò sẹ́ni tó tíì gbé ìkòkò kan jáde, ọ̀fun sì ti ń dun òun. Ìbídùn bẹ̀ ẹ́ títí. Òun ni àjọ ìrànwọ́ gbà síṣẹ́ láti máa fi ọ̀rọ̀ àyípadà ojú ọjọ́ yé àwọn ará etíkun, òun náà sì ni ọmọ-ọmọ Màmá Àgbà, tí ilé rẹ̀ sún mọ́ òkun jù ní Ebúté-Àgbọn. Bí ìkìlọ̀ náà kò bá wọ etí lónìí, ìyá tó tọ́ ọ dàgbà ni omi yóò kọ́kọ́ bá nílé. Gbogbo ọ́fíìsì ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, àní tábìlì pàápàá mọ̀ ọ́n.

Omi ti wà nílẹ̀ ọ́fíìsì ọ̀hún, ó dé ọrùn ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Adéṣiyan, ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó mú àlùmọ́gàjí, ó ń gé ọ̀rọ̀ Ìbídùn kúrú. "Ó gùn jù," ló ń wí. "Àwọn tó ń ràn wá lọ́wọ́ lókè òkun kò ráyè ọ̀rọ̀ gígùn." Ó gé "ẹ kó kúrò" sọnù, ó gé "ń bọ̀" náà sọnù. Àwọn ọ̀rọ̀ tó gé já bọ́ sómi, ẹja wẹ́wẹ́ sì wá jẹ wọ́n. Ó wá lẹ "Omi" tó ṣẹ́kù mọ́ Ìbídùn láyà, ó ní kó máa lọ jíṣẹ́. Ìbídùn kò mọ̀ bóyá kí òun dúpẹ́ ni tàbí kí òun sunkún. Ó dúpẹ́, torí ọ̀gá lọ̀gá ń jẹ́.

Ó mú àwòrán ńlá tó wà lára ògiri dání. Òun fúnra rẹ̀ ló yà á: Òkè-Ìdẹ̀ra, ibi gíga tí àjọ náà fẹ́ kó àwọn ará Ebúté-Àgbọn lọ. Ilé funfun wà nínú rẹ̀, páànù pupa, igi máńgòrò kan, àti obìnrin kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà ò tíì dẹ́kun ẹ̀rín láti ọjọ́ tí wọ́n ti yà á, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ti ń wárìrì díẹ̀. Ìbídùn ká a mọ́ abẹ́ apá.

Nígbà tó ṣí ilẹ̀kùn yàrá ìkẹ́rù láti wá bàtà òjò, Ebúté-Àgbọn ló bá níbẹ̀. Àwọn èèyàn jókòó síwájú ilé wọn, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe, oòrùn ọ̀sán mú ganrínganrín. Ó kí wọn, wọ́n dáhùn. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, òkun máa gba abúlé yìí."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́," ni gbogbo wọn sọ pa pọ̀. Wọ́n yí ọwọ́ po orí, wọ́n ta ìka sẹ́yìn. Bí ìka ṣe dún, bẹ́ẹ̀ ni omi gòkè díẹ̀ lára ògiri ilé wọn.

Ó rí i, ó sì rò pé ojú òun ni. Ó tún un sọ lọ́nà mìíràn, ó ní òkun *lè* dé. Wọ́n ní kò ní dé. Ìka dún, omi gòkè. Ó ní kì í ṣe òun ló sọ ọ́, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ló sọ ọ́. Ọkùnrin kan tó fi eyín já okùn àwọ̀n gbójú sókè wò ó, kò bínú, ó kàn ń wò ó bí ẹni wo ọmọ tí kò gba ẹ̀kọ́.

"Kí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ lọ sọ ọ́ nílé bàbá ẹ̀," ló wí. "Kí ló dé tí o fi ń fẹnu burúkú pe ilé wa, ìwọ ọmọ yìí? Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò."

Ìbídùn fẹ́ dá a lóhùn. Ó gbọ́ tí ìka kan ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó rí i pé òun gan-an ló ta á. Ẹnu rẹ̀ náà ń sọ pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Kò mọ ẹ̀yìn ẹni tí òun wà mọ́. Ó gba àárín ilé lọ, ó ń wá ilé Màmá Àgbà, omi sì ti dé orúnkún.

Ilé náà gùn ju bó ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ó gba inú yàrá tí wọ́n ti bí ìyá rẹ̀ kọjá, ó gba inú kíláàsì tó ti kọ́ ìwé kíkà, ó gba inú báńkì kan tí kò mọ̀ rí, níbi tí àwọn èèyàn ti tò sórí ìlà láti gba iyọ̀. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló wá ṣe. Ìgbà tó pẹ́ ló tó já sí pálọ̀. Màmá Àgbà wà níbẹ̀, ó tẹ̀ sílẹ̀, ó ń fi ìgbálẹ̀ gbá omi kúrò lórí sìmẹ́ńtì tó bo ibojì Bàbá Àgbà. Inú pálọ̀ ni wọ́n sin bàbá náà sí, bí wọ́n ṣe ń ṣe ní gbogbo ilé Ebúté-Àgbọn, kí ọmọ aráyé lè máa rántí pé ilé náà ní baba. Bí ó ti ń gbá omi lọ ni omi ń padà.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́."

"O káre, Àyọ̀ká mi. Ṣé o ti jẹun? Kí ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ láyà yẹn?"

Ìbídùn ní iṣẹ́ tí wọ́n rán òun ni. Ó ní, "Màmá, omi ń—"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́," ni Màmá Àgbà wí, kò sì dáwọ́ ìgbálẹ̀ dúró.

Omi dé itan. Ẹ̀rù ba Ìbídùn. Kì í ṣe òkun ló bà á lẹ́rù jù. Ohun tó bà á lẹ́rù ni pé òun tó ń fi ọ̀rọ̀ jẹun kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ìyá yìí lè gbà lọ́wọ́ òun. Ó sunkún, kò sì fi bò.

Gbohùngbohùn ti tẹ̀ lé e dé, àṣé kò lè jókòó sí ọ́fíìsì lóun nìkan. Ó fara ti òpó ilẹ̀kùn, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ohun tí Ìbídùn kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. "Bí wọ́n bá ránni níṣẹ́ ẹrú," ló wí, "a máa ń fi tọmọ jẹ́ ẹ."

"Kí wá ni kí n sọ?"

"Èmi ọ̀fun ni mí. N kì í ṣe ọ̀rọ̀."

Ìbídùn kúnlẹ̀ sínú omi, omi sì mù ún dé àyà, "Omi" tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn níbẹ̀ bọ́, ó sì léfòó lọ. Ó tẹ́ àwòrán Òkè-Ìdẹ̀ra síwájú ìyá náà, ó ní, "Màmá, ẹ kú oríire ilé tuntun."

Ìkíni kì í já bọ́ sílẹ̀ ní Ebúté-Àgbọn. Àwọn tó ń jà pàápàá máa ń dá ìjà dúró kí wọ́n lè dáhùn ara wọn. Ẹnu Màmá Àgbà ti ṣí kó tó mọ̀. "Ire á kárí, ọmọ mi," ló wí. "Tìẹ náà á dé láyọ̀." Ìgbà tó sọ ọ́ tán ni ojú rẹ̀ yí padà, bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù lé lórí nígbà tó ń wo ibòmíràn. Ó wo àwòrán náà dáadáa. Ó ní, "Àṣé a ti nílé tuntun."

Lóde, gbogbo abúlé ń pariwo pé ire á kárí, ire á kárí o. Kò sẹ́ni tó ta ìka. Omi dúró síbi tó wà, ó ń wò wọ́n. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ilẹ̀kùn, wọ́n ń di àwọ̀n, wọ́n ń gbé ìkòkò lé orí. Ọkùnrin tó bá Ìbídùn wí lẹ́ẹ̀kan fi fèrèsé rẹ̀ há abíyá, ó ní kí ó kú iṣẹ́ o, kí ló dé tí kò tètè sọ̀rọ̀ bí èèyàn?

Nígbà náà ni ohùn ọkùnrin kan dáhùn lábẹ́ sìmẹ́ńtì. "Ire á kárí."

Bàbá Àgbà wú ikọ́, ó ti sìmẹ́ńtì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó jáde. Aṣọ funfun tí wọ́n fi sin ín ló ṣì wọ̀, ó sì mọ́. Màmá Àgbà ní kó fara balẹ̀ kó má fẹsẹ̀ kọ, ó ká ìborùn rẹ̀ ní òṣùká, ó fi sí i lórí. Bàbá gbé sìmẹ́ńtì ibojì rẹ̀ lé e. Ní ilé kejì, bàbá mìíràn ti ń jáde. Láti pálọ̀ dé pálọ̀ ni wọ́n ń jáde, àwọn bàbá, àwọn ìyá, ìyàwó kan tí ikùn rẹ̀ ṣì ga, olúkúlùkù pẹ̀lú sìmẹ́ńtì tirẹ̀ lórí. Wọ́n bọ́ sẹ́yìn àwọn alààyè.

Inú ọ́fíìsì ni ọ̀nà gbà. Ọ̀gbẹ́ni Adéṣiyan dìde nídìí tábìlì, ó wo èrò náà títí dé ẹ̀yìn, ó ní, "Ó gùn jù." Ó fi àlùmọ́gàjí gé e sí méjì níbi tí àwọn alààyè parí sí. Àlùmọ́gàjí dún, ṣùgbọ́n Màmá Àgbà di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú kọjá, ìlà náà kò sì já.

Wọ́n gòkè, wọ́n wọnú àwòrán. Ọ̀dà ilé ṣì tutù, ó ń mọ́ wọn lára. Obìnrin ẹlẹ́rìn-ín ṣílẹ̀kùn fún wọn, àwọn alààyè sì ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá Àgbà dúró níwájú Ìbídùn pẹ̀lú ẹrù rẹ̀.

"Àyọ̀ká," ló wí, "ibo lẹ fi mí sí?"

Ìbídùn wo inú ilé. Ó rí yàrá ìdáná, ó rí yàrá ibùsùn, ó rí ilé ìyàgbẹ́ tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ìpàdé jiyàn lé lórí. Kò rí ibi tí wọ́n fi bàbá sí. Nínú gbogbo ìpàdé wọ̀nyẹn, kò sẹ́ni tó béèrè, òun tó dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sìmẹ́ńtì náà pàápàá kò béèrè. Ojú tì í. Ó wá bírò, kò sí. Ó fi ìka kan ọ̀dà ògiri láti fi ya yàrá kan sí i, ọ̀dà ti gbẹ.

"Bí kò bá níbi tó máa sùn," ni Màmá Àgbà wí pẹ̀lẹ́, "mò ń padà sílé o." Wọ́n sì ń gbọ́ òkun nísàlẹ̀, ó ti ń wọlé láti fèrèsé dé fèrèsé.

Bàbá Àgbà sọ sìmẹ́ńtì rẹ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó jókòó lé e. Àwọn yòókù ṣe bẹ́ẹ̀. Màmá Àgbà jókòó tì í, ó gbé ìgbálẹ̀ lé itan, gbogbo wọn sì kọjú sí ọ̀nà tí omi yóò gbà dé. "Parí ọ̀rọ̀ ẹ," ni bàbá wí. "À ń dúró dè ọ́."

"Ìbídùn."

Ọ̀gbẹ́ni Adéṣiyan ló ń kan tábìlì. Ìpàdé ọ̀sán ni, fáànù ń yí, orí Ìbídùn wà lórí àwòrán náà. Ilẹ̀ gbẹ. Gbohùngbohùn wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, kò sọ nǹkan kan.

"Ilé ìtẹ̀wé ń dúró," ni ọ̀gá wí. "Ṣé ká fi ránṣẹ́?"

Ìbídùn wo àwòrán. Ilé funfun, páànù pupa, igi máńgòrò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, níbi tí kò ya nǹkan kan sí, àwọn nǹkan kékeré kan tò lọ, wọ́n láwọ̀ bíi sìmẹ́ńtì. Lórí èyí tó ṣáájú, ẹnì kan gbé ìgbálẹ̀ lé itan.

"Ẹ má tíì fi ránṣẹ́, ọ̀gá," ló wí. "Wọ́n ṣì jókòó síta."